Ẹ Má Ki Kápúsù Bọ Ewúrẹ́ Lẹ́nu

Fún àwọn olóhun-ọ̀sìn ní Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti gbogbo Rẹ́mọ

Bí wọ́n bá gbé ewúrẹ́ tí kò lè dìde mọ́ dé ọ̀dọ̀ wa nílé ìwòsàn ẹran, a kì í bi ẹni tó ni ín bóyá ó ti lo oògùn. Kápúsù mélòó ló ti lò la máa ń bi í.

Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyí: wọ́n á fọwọ́ kan etí ẹran, á gbóná, wọ́n á ní ibà ni. Ara èèyàn kì í jìnnà sí 37°C. Ti ewúrẹ́ tí ara rẹ̀ le máa ń wà láàárín 38.5 sí 40. Ọwọ́ kò lè mọ ibà ewúrẹ́, àfi tẹmómítà tí a bá ti bọ ihò ìdí rẹ̀.

Ohun tó wà nínú ikùn rẹ̀

Ikùn ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù pín sí yàrá mẹ́rin. Èyí tó tóbi jù wà lápá òsì. Òun náà ni alápatà ń gé tà ní ṣàkì. Àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú kò lè rí ló ń gbé ibẹ̀, àwọn ló ń bá ẹran da koríko. Ẹran á pọ koríko padà sẹ́nu, á jẹ àpọ̀jẹ, á sì máa gùnfẹ̀ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde.

Kápúsù pupa-òun-yẹ́lò tí ẹ ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri lọ́jà, kòkòrò ló wà fún láti pa. Kò mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó ń fa àrùn. Ẹran tó bá gbé e mì lè ṣíwọ́ oúnjẹ, kó má jẹ àpọ̀jẹ mọ́, ẹ̀yin á sì rò pé ibà ló le sí i, ẹ ó tún fún un ní òmíràn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún un ní òmíràn. Ìdajì kápúsù, kápúsù ni. Èyí tí ẹ tú sínú ẹ̀kọ, kápúsù ni. Èyí tí aládùúgbò ní ó wo ti òun sàn, kápúsù náà ni. Bí ẹran bá nílò irú oògùn bẹ́ẹ̀, dókítà ẹran á gún un lábẹ́rẹ́, ọrùn la sì ń gún, kì í ṣe ìdí, nítorí iṣan tó ń gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gba ìdí kọjá.

Bí òsì rẹ̀ bá wú

Ẹ gbé e wá lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì. Afẹ́fẹ́ inú ṣàkì á máa ti ẹ̀dọ̀fóró títí kò fi ní lè mí. Ẹ má fi ọ̀bẹ gún un. Ẹ má gbé orí rẹ̀ sókè gan-an kí ẹ máa ro epo sí i lọ́fun. Ẹ̀dọ̀fóró ni epo náà lè gbà lọ.

Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù lóró. Ẹ sá a kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó fún ẹran jẹ.

Kí ẹ tó wá

Ẹ tẹ ọwọ́ mọ́ kòtò tó wà lẹ́yìn egungun ìhà òsì. Ó yẹ kó sún lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí kò bá sún, ẹ sọ fún wa.

Ẹ mú ẹran náà wá, àti páálí oògùn tí ẹ ti lò, ì báà jẹ́ pé ojú ń tì yín. A kì í fúnni lóògùn fún ẹran tí a kò rí. Ẹni tó bá dá yín dúró lẹ́nu géètì pé òun á bá yín gún un, kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa. Inú ọ́fíìsì la ti ń gbowó, ẹ sì gba rìsíìtì.

Ikùn kan ṣoṣo ni ẹlẹ́dẹ̀ ní. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ wa.