Òkun Ẹlẹ́nu-Tóóró: Báltíìkì àti Ìyípadà Inú Rẹ̀

Òkun mìíràn wà tí ilẹ̀ yí ká, tí ó jẹ́ pé ọ̀nà híhá ni ó fi kan agbami. Ọ̀kan nínú wọn ni Báltíìkì, ní àríwá Yúróòpù. Atúmọ̀ tí ó bá pè é ní ọ̀sà ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà: ọ̀sà, bíi ti Èkó, kì í jìn, bèbè iyanrìn ni ó sì yà á kúrò lára òkun, Báltíìkì jìn tó mítà 459 níbi tí ó jìn jù. “Òkun àhámọ́” náà kò tọ́, nítorí omi ń wọlé, ó sì ń jáde. “Òkun ẹlẹ́nu-tóóró” ni ó bá a mu jù lọ, nítorí pé ẹnu yìí gan-an ni ó ń darí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀.

Láàárín Dẹ́ńmáàkì, Súwídìn àti Jámánì ni ẹnu náà wà. Lójú ọ̀nà kan níbẹ̀, tí a ń pè ní Darss, omi kò jìn ju nǹkan bíi mítà 18 lọ. Àwọn odò ń da omi aláìníyọ̀ sínú Báltíìkì. Omi yìí fúyẹ́, òkè ni ó ń dúró. Ní àárín òkun náà, kílógíráàmù kan omi òkè ní nǹkan bíi gíráàmù 7 iyọ̀. Ti agbami tó 35. Omi oníyọ̀ tí ó bá gba ẹnu wọlé a máa rì sísàlẹ̀. Ibi tí méjèèjì ti pàdé, ní nǹkan bíi mítà 60 sí 80, ni “ìpele ìyípadà-iyọ̀”. “Ààlà iyọ̀” kúrú, ó sì dùn-ún pè, ṣùgbọ́n ìlà lásán ni ààlà oko. Ìpele yìí nípọn.

Bí ọmọrí ìkòkò ni ìpele náà rí: ọ́síjìn òkè kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá sísàlẹ̀. Òkú ewé àti ẹran omi ń jẹrà nísàlẹ̀, wọ́n ń gba ọ́síjìn tí ó wà níbẹ̀ tán, gáàsì olóòórùn ẹyin bíbàjẹ́ a sì gba ipò rẹ̀. Àwọn kan ń pe irú ibẹ̀ ní “agbègbè òkú”, bẹ́ẹ̀ kòkòrò àìfojúrí ń gbé ibẹ̀ púpọ̀. “Agbègbè aláìlọ́síjìn” ni ó sàn.

Ìgbà tí ìjì líle bá fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn fún ọjọ́ pípẹ́ ni omi oníyọ̀ púpọ̀, tí ó ní ọ́síjìn, ń ráyè dé ìsàlẹ̀. Èyí ni “ìwọlé omi òkun”. Ẹni tí ó bá kọ “ìkún omi” yóò mú kí a rò pé ìlú etíkun ni omi bò. Láti 1983 títí di 1993, irú rẹ̀ tí ó lágbára kò wáyé. Ti 1993, 2003 àti December 2014 ni a mọ̀ jù lẹ́yìn náà. Ọ́síjìn tí ti 2014 gbé wọlé kò pẹ́ kí ó tó tán.

Ajílẹ̀ oko àti omi ẹ̀gbin ìlú ni ó fa èyí jù: wọ́n ń bọ́ ewé wẹ́wẹ́ inú omi, òkú ewé náà sì ń jẹ ọ́síjìn. Orílẹ̀-èdè 7 etí òkun náà fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Helsinki ní 1974, ohun tí wọ́n ń dà sínú omi sì dínkù lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí ó ti wà nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ a máa padà sínú omi nígbà tí ọ́síjìn bá tán. Omi náà sì ń gbóná sí i, omi gbígbóná kì í sì gba ọ́síjìn púpọ̀ mọ́ra.

Ẹja kọ́ọ̀dù ni ọ̀ràn náà kàn jù. Ẹyin rẹ̀ ní ìlà-oòrùn Báltíìkì nílò omi tí iyọ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi gíráàmù 11 kí ó tó léfòó. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹyin a rì sínú omi aláìlọ́síjìn, a sì kú. Ní 2019, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi òfin de pípa kọ́ọ̀dù ní apá ìlà-oòrùn náà.