Ṣé Ìwà Pẹ̀lẹ́ Ni Ó Ń Fa Ènìyàn Sẹ́yìn?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń jà ràn-ìn lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ wa, ìbáà ṣe ní yàrá àwọn olùkọ́, ìbáà ṣe ní ìpàdé ẹgbẹ́ òṣèlú ní wọ́ọ̀dù. Wọ́n ní ẹni tí ó bá ní ojú àánú kò lè dé ibi gíga. Wọ́n ní ẹni tí ó ń kí ènìyàn tẹ̀ríntẹ̀rín, tí ó ń gba iṣẹ́ ṣe fún ẹnìkejì, tí kì í bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀, òun ni a ó gbàgbé nígbà tí ìgbéga bá dé. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi ẹyẹ ṣe ẹlẹ́rìí: igún ṣoore, ó pá lórí, àkàlàmàgbò ṣoore, ó yọ gẹ̀gẹ̀ lọ́rùn. Nítorí náà, ni wọ́n wí, kí olúkúlùkù le bí òkúta, kí ó sì máa fi ìgúnpá ti ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

A ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí tó, ó sì tó àkókò kí a dá sí i, nítorí àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ẹnu iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni a ti ń wí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1946, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tí à ń pè ní Leo Durocher, tí ó jẹ́ olùdarí ẹgbẹ́ Brooklyn Dodgers nínú eré bésíbọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá, ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ará New York Giants. Ó ní ọmọlúwàbí ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni wọn yóò wà. Láti ọjọ́ náà ni àwọn òyìnbó ti sọ ọ́ di òwe pé ẹni rere ni í gbẹ̀yìn. Lóòótọ́ ni Giants gbẹ̀yìn lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n a kò lè ṣàì rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí ẹgbẹ́ Durocher tí kò rọ̀ náà kò gba ipò kìíní, àwọn St. Louis Cardinals ni ó gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́.

Bí ó ti wù kí ó rí, ẹni tí ó bá fẹ́ sọ òtítọ́ kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rí tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn pamọ́ sábẹ́ ẹní. Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Timothy Judge, Beth Livingston àti Charlice Hurst, tẹ ìwádìí kan jáde lórí owó tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé àwọn ọkùnrin tí ìwà wọn kò fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ ń gba owó tí ó fi nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn ọkùnrin onírẹ̀lẹ̀ lọ. Láàárín àwọn obìnrin, ìyàtọ̀ náà kò ju nǹkan bí ìdá 5 lọ. Owó kò purọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí àwa fẹ́ bi àwọn òǹkàwé wa ni èyí: kí ni ó wà nínú ìwà pẹ̀lẹ́ tí ó ń dín owó ènìyàn kù? Ṣé kíkí tí ó ń kí ènìyàn ni? Ṣé sùúrù tí ó ní fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni? Ìdáhùn wa ni pé ìwọ̀nyẹn kọ́. Nǹkan mìíràn wà tí ó wọ aṣọ ìwà pẹ̀lẹ́, tí a sì ń fi orúkọ ìwà pẹ̀lẹ́ pè é. Ohun náà ni ẹ̀rù pé kí ojú ẹlòmíràn má baà korò sí wa.

Ẹ jẹ́ kí a mú olùkọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. A kò ní í dárúkọ rẹ̀, nítorí kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tí kò sí. Bí olùkọ́ kan bá ń lọ síbi ìsìnkú, òun ni yóò di kíláàsì rẹ̀ mú. Bí ọjọ́ eré ìdárayá bá kù sí dẹ̀dẹ̀, òun ni yóò wà ní pápá láti àfẹ̀mọ́júmọ́ tí yóò máa fi ẹfun fa ìlà. Bí ìdánwò bá parí, ìwé tirẹ̀ àti ìwé ẹlòmíràn ni yóò máa máàkì lábẹ́ àtùpà títí òru yóò fi jìn. Gbogbo ènìyàn ni ó ń yìn ín. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ń pè é ní ọ̀wọ̀n ilé. Ọjọ́ dé, alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ dé láìròtẹ́lẹ̀, ó ní kí olúkúlùkù mú ìwé ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ wá. Ti ẹni tí ó lọ síbi ìsìnkú pé pérépéré, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ti ọ̀wọ̀n ilé kù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kúẹ́rì ni a kọ fún un. Alábẹ̀wò kò mọ ìlà ẹfun, kò sì sí ibi tí a ti ń kọ kíláàsì tí a bá ẹlòmíràn dì mú sílẹ̀. Nígbà tí ìwé ìgbéga dé, ẹ̀yin náà mọ orúkọ tí ó wà níbẹ̀.

Èyí tilẹ̀ fúyẹ́. Ibi tí ọ̀ràn yìí ti ń ba ilé jẹ́ ni inú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Gbogbo olùkọ́ ni ó mọ bí a ti ń ṣe é: ẹni tí ó bá fẹ́ yá owó yóò wá ọmọ ẹgbẹ́ méjì tí yóò fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù fún un gẹ́gẹ́ bí onídùúró. Bí ẹni tí ó yá owó kò bá san án mọ́, bí ó fẹ̀yìn tì ni o, bí ó kú ni o, bí ó gba òkè òkun lọ láìdágbére ni o, lára owó àwọn onídùúró ni ẹgbẹ́ yóò ti yọ ọ́. Ètò tí ó dára ni. Òun ni ó ti kọ́ ilé fún ọ̀pọ̀ olùkọ́, tí ó sì ti rán ọmọ wọn lọ sí yunifásítì. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ti ń rí fún ẹni tí kò lè sọ pé rárá. Àgbà olùkọ́ kan yóò wá bá a lábẹ́ igi máńgòrò, yóò fi ọwọ́ lé e léjìká, yóò ní, "Àbúrò, ìwọ nìkan ni mo mọ̀ tí kò ní í dójú tì mí." Ó ti bọwọ́ lu ìwé kí ó tó ka iye tí ó wà nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹta, ẹlòmíràn dé. Ní oṣù keje, ẹnìkẹta. Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀, nítorí ó mọ ohun tí ìyàwó rẹ̀ yóò sọ.

Lẹ́yìn ọdún méjì, ọmọbìnrin rẹ̀ rí ààyè ní yunifásítì, ó wá di ọ̀ràn pé kí òun náà yá owó. Akápò ṣí ìwé ńlá wò, ó mi orí. Owó tí ó kó jọ pọ̀, ṣùgbọ́n a ti so ó mọ́lẹ̀ nítorí àwọn tí ó dúró fún. Ẹnìkan nínú wọn kò sì san nǹkan kan láti oṣù mẹ́jọ. Nígbà tí ó lọ wá ẹni tí yóò dúró fún òun, àwọn tí ó ti ràn lọ́wọ́ kò gbójú sókè wò ó. Ọmọ náà jókòó sílé ní ọdún náà. Ẹ bi ọmọ náà bóyá ènìyàn rere ni bàbá òun.

Ọ̀rọ̀ náà le létí, a mọ̀. Ṣùgbọ́n òun gan-an ni ojú tí kò yẹ kí a mójú kúrò lára rẹ̀. Ẹni tí ó ń fi ẹ̀rù ṣe oore kì í ṣe é láti inú àpò ara rẹ̀ nìkan. Inú àpò ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ni ó ti ń ṣe é, kò sì bi wọ́n léèrè. Inú rẹ̀ pàápàá kì í dùn. Ẹ ó rí i pé ẹni tí ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ayé ní ibi iṣẹ́ ni í fi ìbínú sọ àwo kalẹ̀ ní ilé.

Àwọn obìnrin olùkọ́ ni ẹrù yìí sì ń wọ̀ lọ́rùn jù. Bí àlejò bá ń bọ̀, "Ìyá wa, ẹ bá wa wo ọ̀rọ̀ oúnjẹ." Bí àkọsílẹ̀ ìpàdé bá wà láti kọ, obìnrin ni a ń wò lójú. Àwọn olùwádìí Amẹ́ríkà kan, Linda Babcock àti àwọn mẹ́ta mìíràn, yẹ irú ọ̀rọ̀ yìí wò, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2017. Wọ́n kó ènìyàn mẹ́ta mẹ́ta jọ, wọ́n fi iṣẹ́ kan lélẹ̀ tí yóò ṣe gbogbo wọn láǹfààní, ṣùgbọ́n tí ẹni tí ó bá ṣe é ni yóò jẹ èrè tí ó kéré jù. Níbi tí ọkùnrin àti obìnrin ti jọ wà, àwọn obìnrin fi nǹkan bí ìdajì ju ọkùnrin lọ ní yíyọ̀ǹda ara wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kó ọkùnrin nìkan jọ, àwọn náà yọ̀ǹda ara wọn bí obìnrin ti ń ṣe. Nítorí náà, kì í ṣe pé a dá ẹ̀dá kan láti máa ru ẹrù. Àwọn tí ó yí i ká ni ó ti mọ ẹni tí yóò ru ú.

Ó wá kù kí á wo ìmọ̀ràn àwọn tí ó ní kí á le bí òkúta. Ní yunifásítì California tí ó wà ní Berkeley, Cameron Anderson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn ìwà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan, wọ́n sì tún wá wọn kàn ní nǹkan bí ọdún 14 lẹ́yìn náà láti mọ ipò tí wọ́n dé ní ibi iṣẹ́. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2020. Àwọn oníjà, àwọn onímọtara-ẹni-nìkan, àwọn alárékérekè, kò dé ipò agbára ju àwọn onínúure lọ. Ohun tí wọ́n rí gbà nípa ìjẹgàba ni wọ́n pàdánù nítorí pé wọn kò ní ẹni tí ó fẹ́ràn wọn.

Èyí tí ó dùn mọ́ wa jù ni ti Robert Axelrod. Ní nǹkan bí ọdún 1980, ó ní kí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ọgbọ́n tí wọn yóò fi ta ayò kan ránṣẹ́ sí òun, kí kọ̀ǹpútà lè máa ta á. Nínú ayò náà, ẹni méjì ni í kojú ara wọn léraléra, kí olúkúlùkù yàn bóyá yóò bá ẹnìkejì rẹ̀ ṣe ní rere tàbí yóò rẹ́ ẹ jẹ. Ọgbọ́n 14 ni ó wọlé. Èyí tí ó kúrú jù lọ, tí Anatol Rapoport fi ránṣẹ́, ni ó gba ipò kìíní. Rere ni í fi í bẹ̀rẹ̀. Bí o bá rẹ́ ẹ jẹ, yóò san án fún ọ lẹ́ẹ̀kan. Bí o bá padà sí rere, òun náà padà. Kò fìgbà kan borí ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ ní ojúkojú, síbẹ̀ nígbà tí a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, òun ni ó lékè. Àwọn mẹ́jọ tí ó ṣíwájú, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí í kọ́kọ́ rẹ́ni jẹ. Wọ́n tún un ta pẹ̀lú ọgbọ́n 62, òun náà ni. Àwọn bàbá wa tí kò rí kọ̀ǹpútà rí ti sọ ọ́: bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni olùkọ́ wa yẹn ní.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú yóò wí pé ti ilé-ẹ̀kọ́ nìyẹn, pé òṣèlú kò gba jẹ́jẹ́. Ẹ rántí Adékúnlé Ajásin. Olùkọ́ ni, ọ̀gá Imade College ní Ọ̀wọ̀ láti 1947 títí di 1962, kì í sì í ṣe aláriwo. Ní 1979 ó di gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní 1983, ẹni tí ó ti jẹ́ igbákejì rẹ̀ bọ́ sínú ẹgbẹ́ kejì, ó bá a du ipò náà, wọ́n sì kéde pé igbákejì ni ó wọlé. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, ẹ̀mí àti dúkìá ṣòfò, ohun tí a kò lè rántí láìkẹ́dùn. Bàbá jẹ́jẹ́ yìí kò sọ pé kí á fi í sílẹ̀ nítorí àlàáfíà. Ó gba ilé ẹjọ́ lọ, ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ, òun ni wọ́n sì dá ipò náà padà fún.

Kò sí èdè tí a fi lè kọ ohun tí a kò fẹ́ láìbú ènìyàn bí èdè Yorùbá. Nítorí náà, nígbà tí àgbà olùkọ́ bá tún dé abẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú fọ́ọ̀mù, kí àbúrò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ akápò iye tí ẹ̀gbọ́n jẹ, iye tí ó ní nínú ẹgbẹ́, àti ọdún tí ó kù kí ó fẹ̀yìn tì. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ó dọ̀bálẹ̀ bí ọmọ tí a kọ́, kí ó wí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, agbára mi kò ká a." Kí ó má ṣe purọ́ mọ́ ọn, kí ó má sì ṣe àlàyé gígùn. Bí ojú ẹ̀gbọ́n bá korò ní ọjọ́ Ẹtì, kí ó jẹ́ kí ó korò. Bí ó bá di ọjọ́ Ajé, kí òun ni ó kọ́kọ́ kí i.