Oje Igi Rọ́bà Wa àti Táyà Ọkọ̀ Òfuurufú

Nígbà tí mo lọ yẹ ìwé ẹgbẹ́ kan wò ní Àyèká, bàbá kan tó ní oko rọ́bà bi mí pé, “Ìnsípẹ́kítọ̀, ta ló tún kù tó ń lo rọ́bà?” Ó ní ṣebí Michelin ti dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Port Harcourt ní 2007, tí Dunlop náà sì tẹ̀ lé e ní Ìkẹjà. Ó fẹ́ gé igi rẹ̀ kó fi ẹ̀gẹ́ rọ́pò. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe sùúrù.

Ẹ jẹ́ kí á wo bàálù, nítorí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ pé ó kàn wá. Táyà 18 ló wà lẹ́sẹ̀ Boeing 747 kan. Bí èrò, ẹrù àti epo bá kún inú rẹ̀, ó lè wúwo tó bíi tọ́ọ̀nù 400. Lókè, òtútù ibẹ̀ ju ti inú fíríjì lọ. Bó bá sì ti kan ilẹ̀, táyà tí kò yí rárá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójijì, lórí eré tó ju kìlómítà 200 lọ ní wákàtí kan. Èéfín tí ẹ máa ń rí lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nígbà náà, rọ́bà ló ń jó.

Rọ́bà tí wọ́n fi epo rọ̀bì ṣe wà, ó sì pọ̀ nínú táyà mọ́tò kékeré. Ṣùgbọ́n ó tètè ń gbóná lábẹ́ ẹrù, ó sì tètè ń ya. Nítorí náà, oje igi ló pọ̀ jù nínú rọ́bà táyà bàálù ńlá.

Ọ̀rọ̀ ooru yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 1991, bàálù DC-8 kan tí wọ́n háyà láti Kánádà gbéra ní Jeddah, ó ń gbé àwọn tó lọ sí Hájì láti ilẹ̀ wa bọ̀ ní Sókótó. Afẹ́fẹ́ táyà rẹ̀ kò tó. Bó ti ń sáré nílẹ̀ ni táyà gbóná tó sì gbiná, wọ́n sì ká a wọnú ikùn ọkọ̀ pẹ̀lú iná náà. Nínú ènìyàn 261, ẹnì kan kò yè.

Ǹjẹ́ iṣẹ́ bàálù fẹ́ dín kù? Rárá. Ní 2024, Airbus ṣírò pé ayé yóò nílò bàálù tuntun tó lé ní 42,000 láàárín 20 ọdún. Iye tí Boeing dá jìnnà díẹ̀ sí i ni. Ìṣòro wọn ni pé àwọn tó ń ṣe ẹ̀yà ara bàálù kò lè bá wọn dọ́gba. Láti ìgbà àrùn Kòrónà ní 2020 ni ọ̀pọ̀ ọ̀jáfáfá òṣìṣẹ́ ti lọ, tí ẹ́ńjìnnì sì di ohun tí à ń tò dúró dè. Àwọn oníbàálù wá ń lo ti àtijọ́ pẹ́ sí i. Àti tuntun àti àtijọ́, gbogbo wọn ló ń jẹ táyà.

Mi ò ní tàn yín jẹ o. Táyà bàálù kéré nínú rọ́bà àgbáyé. Mọ́tò àti tírélà ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù, àwọn ló sì ń gbé owó rẹ̀ sókè sódò, bó ṣe já wálẹ̀ lẹ́yìn 2011. Kò sí ẹni tí yóò ti Faransé wá sí Àyèká nítorí bàálù. Ohun tí mo ń sọ ni pé iṣẹ́ kan wà tí kò tíì rí arọ́pò oje igi. Igi tí a gé lónìí, bí a bá tún un gbìn, ó di bí ọdún méje kó tó ṣeé gbà.

Ìdọ̀tí ló ń pa wá lára jù. Mo ti rí òkúta nínú rọ́bà tó dì nínú ife, mo rí iyanrìn àti èèpo igi. Ẹ̀kán iyanrìn kan nínú táyà lè di ojú tí yóò ti máa ya. Ẹni tó ń rà kò mọ ti ta ni, ó kàn ń yọ owó gbogbo wa ni.

Ọ̀rọ̀ ìwé tún wà níbẹ̀. Ní 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣòfin pé rọ́bà tó bá ti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2020 wá kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn, àti pé kí á lè tọ́ka sí ojú ibi tí oko náà wà lórí àwòrán ilẹ̀. Wọ́n ti sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó ṣòro fún àgbẹ̀ kan ṣoṣo, kò ṣòro fún ẹgbẹ́: fóònù kan tó lè fi ojú ibi tí ènìyàn dúró sí hàn tó fún gbogbo yín. Kí akọ̀wé kọ orúkọ olóko, ibi tí oko wà, iye igi àti ọdún tí wọ́n gbìn ín.

Bàbá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò rántí ọdún tirẹ̀ mọ́. Ìwé ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ ló gbà á sílẹ̀: ní 2004 ló yá owó tó fi ra irúgbìn.