Ẹ má gbé ẹrù kan náà ru gbogbo framework

Ká ní ẹ kọ láíbúrẹ́rì kan ní C# tó ń ka JSON, ẹ sì fẹ́ gbé e sórí NuGet káwọn ẹlòmíì lè lò ó. Àwọn kan nínú wọn ń lo .NET 8. Àwọn míì, pàápàá iléeṣẹ́ tí kóòdù wọn ti pẹ́, ṣì wà lórí .NET Framework 4.6.2. Kí ni láíbúrẹ́rì yín gbára lé? Ìdáhùn yẹn ò rí bákan náà fáwọn méjèèjì.

Láti .NET Core 3.0, tó jáde ní 2019, ni System.Text.Json ti wà nínú framework fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń lo .NET 8 ti ní in nílé. Ẹni tó ń lo 4.6.2 gbọ́dọ̀ gbà á láti NuGet, ìyẹn náà á sì fa System.Memory àtàwọn míì dání.

Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ fún gbogbo wọn, build ẹni 4.6.2 lè yege, àmọ́ tó bá ṣí iṣẹ́ rẹ̀, ó lè dákú lójijì. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ fún gbogbo wọn, ẹni .NET 8 ń ru iyọ̀ lọ sílé tí iyọ̀ kún. Ọjọ́ tí wọ́n bá rí àléébù ààbò nínú package yẹn, ìkìlọ̀ lè kan òun náà, nítorí ohun tí kò nílò.

Bí mo ṣe máa ń kọ ọ́ nínú .csproj rèé:

```xml
<PropertyGroup>
  <TargetFrameworks>net462;net8.0</TargetFrameworks>
</PropertyGroup>
<ItemGroup Condition="'$(TargetFramework)' == 'net462'">
  <PackageReference Include="System.Text.Json" Version="8.0.5" />
</ItemGroup>
```

Ẹ wo lẹ́tà "s" tó gbẹ̀yìn TargetFrameworks dáadáa: òun ló ń sọ pé framework ju ẹyọ kan lọ. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe `dotnet pack`, òun fúnra rẹ̀ á pín dependency sí group kọ̀ọ̀kan.

Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ lẹ fi ń kọ .nuspec, ẹ fi group òfìfo sílẹ̀ fún ẹni tí kò nílò nǹkan kan:

```xml
<group targetFramework="net8.0" />
```

Òfìfo yẹn ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Bí group ò bá bá fódà inú lib mu, ìkìlọ̀ NU5128 á yọjú. Ẹ má fojú fò ó.

Kẹ́ ẹ tó gbé e síta, ẹ rántí pé zip lásán ni .nupkg. Ẹ tú u, kẹ́ ẹ ka .nuspec inú rẹ̀. Torí pé tí ẹ̀dà kan bá ti dé nuget.org, ẹ ò lè fi òmíì tó ní nọ́ńbà kan náà rọ́pò rẹ̀. Ẹ kàn lè fi pa mọ́ ni, kẹ́ ẹ wá gbé nọ́ńbà tuntun jáde.