Ayùn ẹlẹ́ńjìnnì: deux temps ni kí a rà ni, àbí quatre temps?



Láti Bantè dé Savalou, ẹ mọ̀ pé igi kájú wà lára ohun tó ń mú owó wọlé fún wa. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn igi tí àwọn bàbá wa gbìn ló fún mọ́ra jù. Ẹ̀ka wọn ti wọnú ara wọn, oòrùn kò ráyè wọlé, igi ń ga, kò sì so. Ìmọ̀ràn tí àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ń fún wa ni pé kí mítà 10 wà láàárín igi kan àti èkejì. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, igi 100 ni yóò wà nínú ẹ̀kítà kan. Kí a tó dé ibẹ̀, a ní láti gé igi. Àáké lè ṣe é, àmọ́ ẹ̀yìn ni yóò sanwó rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ fi ń dáwó ra ayùn ẹlẹ́ńjìnnì, èyí tí a ń fi Faransé pè ní tronçonneuse.

Ẹgbẹ́ kan tí mo ń kọ́ ní ìwé kíkà lẹ́bàá Bantè ra ọ̀kan. Ní ọjọ́ kẹta, ayùn náà kú. Mẹkáníìkì tú u, ó yọ písítìn rẹ̀ síta, ó fi hàn wá: ara rẹ̀ ti ha, ó ti lẹ̀ mọ́ ihò tó ń bá a rìn. Ìyá tó jẹ́ akápò ẹgbẹ́ gba irin náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, «Owó kájú wa lèyí?»

Kí ló pa ayùn? Ọmọkùnrin tó ń lò ó da ẹ̀sáǹsì lásán sí i, kò fi òróró lú u. Ẹ má bú u. Ó ní alùpùpù, alùpùpù rẹ̀ kì í mu ju ẹ̀sáǹsì lásán lọ. Ó rò pé ẹ́ńjìnnì ni gbogbo ẹ́ńjìnnì.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ẹnìkan dìde. Ó ní òun rí ọlọ́jà kan tó ní ayùn quatre temps, pé ayùn náà kò fẹ́ kí a po òróró mọ́ ẹ̀sáǹsì rárá. Ó ní kí a gbàgbé èyí tó bàjẹ́, kí a tún dáwó. Wọ́n yíjú sí mi, nítorí pé èmi ni mo lọ sí ilé ìwé Faransé. Òótọ́ ni pé mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe mẹkáníìkì. Mo lọ bi àwọn tó mọ̀ ọ́n, mo sì ka ìwé. Ohun tí mo rí nìyí.

Kí ni «temps» yìí?

Ẹ rántí ọmọ odó nínú odó iyán. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Písítìn náà bẹ́ẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì. Gígòkè kan jẹ́ ìgbésẹ̀ kan, sísọ̀ kan jẹ́ ìgbésẹ̀ kan.

Iṣẹ́ mẹ́rin ni ẹ́ńjìnnì ní láti ṣe: kí ó fa afẹ́fẹ́ àti ẹ̀sáǹsì wọlé, kí ó fún un pọ̀, kí iná jó o kí ó ti písítìn, kí ó lé èéfín jáde. Onígbésẹ̀ mẹ́rin, ìyẹn quatre temps, ń fi ìgbésẹ̀ kan ṣe iṣẹ́ kan. Nikolaus Otto, ará Jámánì, ló ṣe irú rẹ̀ tó yọrí ní ọdún 1876. Onígbésẹ̀ méjì, ìyẹn deux temps, ń fi ìgbésẹ̀ méjì péré parí iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gbogbo ìgbà tí písítìn rẹ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ ni iná ń tì í. Ti onígbésẹ̀ mẹ́rin ń sinmi ní ẹ̀ẹ̀kan kí iná tó tún tì í. Nítorí náà, bí ẹ́ńjìnnì méjì bá jọ ara wọn ní títóbi, agbára deux temps máa ń ju ti èkejì lọ. Kò sì ní fáàfù tí a óò máa tún ṣe. Irin inú rẹ̀ kò pọ̀, ó fúyẹ́.

Ibi tí òróró wà gan-an ni ọ̀rọ̀ wa wà. Nínú quatre temps, òróró wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì nínú àwo tirẹ̀, ó ń ta sí ara irin. Nínú deux temps, abẹ́ písítìn ni ẹ̀sáǹsì ń gbà kọjá. Kò sí àyè fún òróró láti dúró níbẹ̀. Bí òróró kò bá bá ẹ̀sáǹsì wọlé, irin ń ha irin láìsí ohun tó ń tù ú. Èyí ló ṣẹlẹ̀ sí ayùn wa.

Kí ló dé tí wọn kò fi ṣe ayùn ní quatre temps bí alùpùpù?

Alùpùpù ń dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ayùn kì í dúró. Ẹni tó ń gé igi ń dojú rẹ̀ kọlẹ̀, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ó ń gbé imú rẹ̀ sókè sí ẹ̀ka. Òróró tó wà nísàlẹ̀ yóò ṣàn lọ síbi tí kò yẹ, ẹ́ńjìnnì yóò sì gbẹ níbi tó yẹ kí ó tutù. Ọ̀rọ̀ ìwúwo tún wà níbẹ̀. Nígbà tí Andreas Stihl ní Jámánì ṣe ayùn ẹlẹ́sáǹsì rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 1929, kílò 46 ni, ènìyàn méjì ló ń gbé e. Lónìí, ọ̀pọ̀ ayùn tó bá oko kájú mu kò ju kílò 4 sí 6 lọ, kí a tó fi abẹ àti ṣéènì kún un. Deux temps wà lára ohun tó jẹ́ kí ó fúyẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ayùn ẹlẹ́sáǹsì Stihl àti Husqvarna tí àwọn agégi mọ̀ dáadáa, deux temps ni wọ́n.

Deux temps ní àléébù rẹ̀ o, n kò ní fi pamọ́. Bí ẹ̀sáǹsì tuntun ṣe ń wọlé ni èéfín ń jáde, díẹ̀ nínú ẹ̀sáǹsì náà a sì bá èéfín lọ láìjó. Owó wa nìyẹn. Òróró tó jó a di èéfín tó ń ta ni lójú, tó ń mú ni húkọ́. Ẹ̀yin tí ẹ dé Cotonou láàárín ọdún 1990 sí 2000 yóò rántí bí èéfín zémijàn ṣe ń bo ojú títì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn alùpùpù ìgbà náà, deux temps ni. Nígbà tí quatre temps gba ojú títì, èéfín dín kù, ẹ̀sáǹsì sì pẹ́ nínú táńkì. Ṣùgbọ́n a pàdánù ohun kan: àwọn ọmọ wa kò rí ẹni tó ń po òróró mọ́ ẹ̀sáǹsì mọ́, wọn kò sì mọ̀ pé iṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìdérí méjì

Èmi àti Ìyá Akápò lọ wo ayùn ọlọ́jà náà. Ó fi ìdérí méjì hàn wá. Ó ní, «Ẹ wò ó, ibí ni ẹ̀sáǹsì ń gbà, ibí ni òróró ń gbà. Quatre temps ni.» Ìyá sọ fún un pé ayùn tiwọn tó bàjẹ́ náà ní ìdérí méjì. Ọkùnrin náà kò tún sọ̀rọ̀.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: òróró tó wà lábẹ́ ìdérí kejì, ṣéènì tó ń gé igi ló wà fún. Kì í dé ọ̀dọ̀ písítìn láéláé. Ẹ má sì fi òróró tí a dà jáde láti inú ọkọ̀ sí i, nítorí ó ń ta sí ara ẹni tó ń gégi, ó sì ní ohun tó lè fa àrùn jẹjẹrẹ nínú.

Ẹ̀rọ ìgékoríko ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Honda ń ṣe ẹ́ńjìnnì quatre temps kékeré kan, GX35, tó lè ṣiṣẹ́ bí a bá tilẹ̀ dojú rẹ̀ kọlẹ̀. Ẹ̀sáǹsì lásán ló ń mu, òróró rẹ̀ dá dúró. Ṣùgbọ́n Stihl ní èyí tí wọ́n ń pè ní 4-MIX. Quatre temps ni, síbẹ̀ kò ní àwo òróró, àpòpọ̀ ló ń mu bíi deux temps. Ẹni tó bá gbọ́ «quatre temps» tó sì da ẹ̀sáǹsì lásán sí i yóò ba ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ìdérí àti sínú ìwé ẹ̀rọ kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Bí a ṣe ń po ó

Ẹ ra òróró tí wọ́n kọ 2T sí lára. Èyí tí wọ́n kọ 4T sí, ti alùpùpù ni. Ìwé ayùn yóò sọ ìwọ̀n. Fún Stihl, bí òróró tiwọn bá ni, ọ̀kan nínú 50 ni. Bí ó bá jẹ́ òróró 2T mìíràn, ọ̀kan nínú 25. Ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n. Ẹ ra sẹ̀ríǹgì 20 ml láìní abẹ́rẹ́ nílé egbòogi. Fún lítà ẹ̀sáǹsì kan, sẹ̀ríǹgì kan ni ọ̀kan nínú 50. Sẹ̀ríǹgì méjì ni ọ̀kan nínú 25. Ẹ mì ín dáadáa. Ẹ má po ju èyí tí ẹ óò lò láàárín oṣù kan lọ.

Bí ó bá jẹ́ kpayo ni ẹ rà, ẹ jẹ́ kí ó dúró nínú ìgò funfun fún ìgbà díẹ̀. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni yóò lọ. Ẹ má fi ẹnu fa á. Bí ẹnìkan bá gbé e mì, ẹ má mú un bì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ẹ má sì kó o pamọ́ sínú yàrá tí ènìyàn ń sùn. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ní Sèmè-Kraké, iná jó ibi tí wọ́n ń kó kpayo pamọ́ sí, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 30. Ẹ pa ayùn, ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ tó da ẹ̀sáǹsì sí i. Ẹ rìn kúrò níbẹ̀ bí mítà 3 kí ẹ tó tún fà á.

Etí náà ń kó? Ariwo ayùn máa ń ju dẹ́síbẹ́lì 100 lọ létí ẹni tó mú un. Ìlànà NIOSH, àjọ tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ni pé ìṣẹ́jú 15 péré lójúmọ́ ni kí etí lásán gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀. Etí tó bá ti di kì í là mọ́. Ohun ìdí etí kò wọ́n tó ayùn. Kí àwọn aboyún àti àwọn ọmọdé jìnnà síbi èéfín.

Kí ẹ tó gé igi tó wà nínú igbó, ẹ kọ́kọ́ lọ bá àwọn aṣọ́gbó, ìyẹn Eaux et Forêts. Òfin igbó wa, nọ́mbà 93-009 ti ọjọ́ kejì oṣù Keje ọdún 1993, ń mú ènìyàn.

Ẹgbẹ́ wa kò ra ayùn tuntun. Mẹkáníìkì fi písítìn àti ihò rẹ̀ tuntun sí ti àtijọ́. Ilé Ìyá Akápò ni àpòpọ̀ ń gbé báyìí, lẹ́yìn ilé, lábẹ́ òrùlé pákó kan. Ó fi okùn so sẹ̀ríǹgì mọ́ ọrùn ike òróró, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni pò ó lẹ́yìn òun. Lára kẹ́ẹ̀gì náà, ó fi èédú kọ ọ́ fúnra rẹ̀, lẹ́tà ńláńlá: LÍTÀ 5, ÒRÓRÓ 2T, SẸ̀RÍǸGÌ 10. Ó kọ ọjọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Òróró 2T ọjà ni wọ́n ń lò, nítorí náà mo ṣírò rẹ̀ wò. Ó pé.