Síso Kì Í Ṣe Dídè: Ọ̀rọ̀ Lórí Okùn Ẹṣin Nínú Tírélà

Nígbà tí a lẹ orí ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ara ògiri, mo gbọ́ pé àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ni ó kan olùkọ́ lítíréṣọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹṣin àti tírélà, ṣé àwọn oníṣègùn ẹran ti tán ní ilẹ̀ yìí ni? Wọn kò tán. Mo ti lọ bá wọn, wọ́n sì là mí lóye púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ yìí gbà kàn mí. Èkíní ni pé ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kékeré kan, ìyẹn 'so', ni ó sì wà nídìí ohun tí mo fẹ́ wí. Èkejì ni pé mo ti fi ọwọ́ ara mi so ẹṣin kan nínú ọkọ̀ rí, ẹṣin náà kò sì dé ibi tí ó ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ti èkejì bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí. Gbogbo yín ni ẹ mọ Ọ̀jude Ọba, tí a máa ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kẹta Iléyá, tí àwọn ìdílé Balógun fi ń gun ẹṣin wá júbà níwájú ọba. Ilẹ̀ igbó kì í ṣe ilẹ̀ ẹṣin. Eṣinṣin tí ń mu ẹ̀jẹ̀, tí ń gbé àrùn kiri lára ẹran, kì í jẹ́ kí ó pẹ́ láyé níbẹ̀. Nítorí náà, púpọ̀ nínú àwọn ẹṣin tí ẹ ń rí lọ́jọ́ náà, láti òkè ni a ti ń fi ọkọ̀ kó wọn wá. Ó ti lé ní ogún ọdún tí àbúrò bàbá mi rán èmi àti àwọn ọ̀dọ́ ilé wa lọ gba ẹṣin kan ní Ìlọrin. Ọkọ̀ akẹ́rù tí kò ní òrùlé ni a gbé lọ. Ọmọkùnrin tí ń tọ́jú ẹṣin náà bá wa wọkọ̀, ó sì so ó. Ojóbó kan ṣoṣo ni ó ta. Mo wò ó, mo ní ọ̀lẹ ni ọmọ yìí. Mo gba okùn lọ́wọ́ rẹ̀, mo ta kókó mẹ́ta lé ara wọn, mo sì fà á títí orí ẹṣin fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin ọkọ̀.

Ọmọ náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, báwo ni ẹ ó ṣe tú u?"

Mo dá a lóhùn pé bí a bá délé, a ó tú u.

Nígbà tí a kọjá Ògbómọ̀ṣọ́, màlúù já lu ọ̀nà, awakọ̀ sì tẹ bíréèkì. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹṣin náà yọ̀, ó ṣubú, okùn sì gbé e kọ́ ní orí àti ọrùn. Gbogbo ìwúwo rẹ̀ ni ó wà lórí kókó mẹ́ta tí mo ta. Mo fi èékánná tú u, mo fi eyín tú u, kò tú. Ọ̀bẹ kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọkùnrin náà ti ọwọ́ bọ àárín okùn àti irin kí ó lè dẹ̀ ẹ́, ẹṣin sì ta gìrì. Kí àgbẹ̀ kan tó sáré mú àdá dé, ẹṣin kò mí mọ́, ọmọ náà sì ti pàdánù ìka kan. Kò bá mi wíjọ́. Ìbéèrè rẹ̀ ni mo ń wá ìdáhùn sí láti ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a wá yẹ ọ̀rọ̀ inú èdè wa wò. Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe gbogbo ohun tí a ń fi okùn ṣe. Ẹrù ni a ń dì. Ìdì ni a ń pe ohun tí a dì tán, kò sì ní ẹ̀mí. Ẹlẹ́wọ̀n ni a ń dè. Inú ìdè ni ó wà, ẹni tí ó dè é kò sì fẹ́ kí ó tú. Ẹran ọ̀sìn ni a ń so. A so ewúrẹ́ mọ́ igi, a so ẹṣin mọ́ èèkàn. Okùn síso ní ìpẹ̀kun méjì: ọ̀kan wà lára ẹran, èkejì wà lára igi, àyè sì wà láàárín wọn. Àyè yìí gan-an ni ó sọ síso di síso. Ẹran tí a so ṣì lè jẹko, ó lè dùbúlẹ̀, ó lè lé eṣinṣin kúrò lára. Bí a bá gba àyè yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, tí a fà á lẹ̀ mọ́ igi, a kò so ó mọ́, a ti dè é. Àwọn onígírámà lè bá mi jiyàn pé a máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn pé wọ́n de ẹran mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, a ń gbọ́ ọ. Ẹran tí ọ̀bẹ ń bọ̀ lọ́rùn rẹ̀ ni.

Àwọn baba wa kò fi ọ̀rọ̀ okùn yìí ṣeré. Ní ààfin Ọ̀yọ́, oyè kan wà tí ń jẹ́ Olókùn-Ẹṣin, ẹni tí ẹṣin Aláàfin wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, tí àṣà sì ní kí ó bá ọba lọ nígbà tí ọba bá wàjà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí Aláàfin Ládìgbòlù wàjà ní ọdún 1944 ni Dúró Ládiípọ̀ fi ṣe eré Ọba Wàjà, òun náà ni Wọlé Ṣóyínká fi kọ Death and the King's Horseman, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1975. Mo ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé méjèèjì kí n tó rí ohun tí ó wà níwájú mi. Gẹ̀ẹ́sì pe ọkùnrin yìí ní ẹni tí ń gun ẹṣin. Yorùbá pè é ní ẹni tí ó ni okùn.

Kí ni ó yẹ kí olókùn òde òní mọ̀, ẹni tí ẹṣin rẹ̀ wà nínú tírélà, bóyá ti ẹlẹ́ṣin méjì tí ọkọ̀ ń wọ́ lẹ́yìn, bóyá ọkọ̀ akẹ́rù lásán? Kí ó kọ́kọ́ mọ irú ẹ̀dá tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Sísá ni ohun ìjà ẹṣin. Bí ohun kan bá dẹ́rù bà á, tí ó sì rí i pé nǹkan ti di orí òun mú, yóò fi gbogbo ara fà sẹ́yìn, ẹṣin tí ó dàgbà sì lè wúwo ju 400 kìlógíráàmù lọ. Nínú ọkọ̀ ẹ̀wẹ̀, ilẹ̀ ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ tí ó yà àti orí tí ó ń gbé sókè sódò ni ó fi ń dúró. Ẹni tí ó bá so orí náà pinpin ti gba ọ̀pá ìtilẹ̀ lọ́wọ́ arúgbó.

Nítorí náà, kí okùn gùn tó bí ẹṣin yóò fi lè tẹ orí wálẹ̀ kọjá àyà rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má gùn tó bí ẹsẹ̀ iwájú yóò fi gba orí rẹ̀ kọjá, tàbí tí yóò fi lè bu ẹnìkejì rẹ̀ jẹ. Okùn orí ni kí a so, kì í ṣe ìjánu. Irin ìjánu yóò fa ẹnu rẹ̀ ya. Okùn orí tí a fi awọ ṣe dára ju ti náílọ́ọ̀nù lọ, nítorí pé awọ máa ń já nígbà tí jíjá bá yẹ.

Ojóbó ọmọkùnrin Ìlọrin yẹn ni kókó tí ó tọ́. A ó ká okùn po, a ó ti ojú ìká náà bọ inú èyí tí ó yí ìdí rẹ̀ ká, bí ẹni ń so okùn bàtà ní apá kan, etí okùn yóò sì máa rọ̀ sílẹ̀. Bí ẹṣin bá fà á, yóò máa le sí i; bí ènìyàn bá fa etí tí ó rọ̀ yẹn, ó tú. (Ẹṣin ọlọ́gbọ́n wà tí ń fi eyín fa etí okùn tú ara rẹ̀. Kí a fi etí náà síbi tí ẹnu rẹ̀ kò ti ní tó o.) Ṣùgbọ́n bí ìwúwo bá pọ̀ jù, ojóbó náà lè há. Ìdí nìyí tí a fi ń so okùn fẹ́ẹ́rẹ́ kan, irú èyí tí a fi ń dí ẹnu àpò, mọ́ òrùka irin ọkọ̀, tí a ó sì so okùn ẹṣin mọ́ òun, kì í ṣe mọ́ irin. Okùn fẹ́ẹ́rẹ́ ni yóò já kí ọrùn tó ṣẹ́. Àwọn kan kò fara mọ́ èyí, wọ́n ní ẹṣin tí ó bá já nínú ọkọ̀ lè yí padà tàbí kí ó fẹ́ gun ara ọkọ̀ sókè. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Síbẹ̀, níbi tí ọ̀pá ìdábùú bá wà níwájú àti lẹ́yìn, èmi ó yan ẹṣin tí ó já ju ẹṣin tí ó so kọ́ lọ. Kí ọ̀bẹ mímú sì wà níbi tí ọwọ́ ti lè tètè tó o.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí n kò mọ̀ rárá kí n tó bá àwọn oníṣègùn ẹran sọ̀rọ̀. Imú nìkan ni ẹṣin fi ń mí, ìgbà tí ó bá tẹ orí wálẹ̀ ni kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti eruku sì ń rí ọ̀nà jáde. Bí a bá so orí rẹ̀ sókè fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kòkòrò àrùn yóò kóra jọ sínú ọ̀nà ọ̀fun, wọ́n lè wọ ẹ̀dọ̀fóró, ẹṣin tí ó wọkọ̀ ní àlàáfíà yóò sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ibà. Láti Kánò dé Ìjẹ̀bú-Òde kì í ṣe ìrìn wákàtí díẹ̀. Ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, kí a dúró, kí a dẹ okùn, kí a fi koríko sílẹ̀ fún un kí ó lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí a sì fún un lómi.

Ó ku bí a ṣe ń tò ó. Bí ẹṣin bá ti wọlé, ọ̀pá ẹ̀yìn ni a ó kọ́kọ́ dábùú, lẹ́yìn náà ni a ó so okùn. Bí a bá fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, okùn ni a ó kọ́kọ́ tú, lẹ́yìn náà ni a ó ṣí ẹ̀yìn. Bí ẹ bá yí i padà, ẹṣin yóò rí ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, yóò fà sẹ́yìn, okùn yóò sì dá a dúró lójijì. Bí ẹ̀rù sì ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Mo mú okùn kan wá lónìí. Ó wà lórí tábìlì yìí, òrùka irin sì wà lára àga. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń ta ojóbó náà, kí ó sún mọ́ ibí kí a tó tú ká.