Bí Jàǹbá Bá Ṣe Ọkọ̀ Yín

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní bọ́ọ̀sì akérò kan. Láàárín Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ ni ó ń ná. Owó tí bọ́ọ̀sì yìí ń pa ni ó fi ń bọ́ ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin. Òun náà ni ó fi ń san owó ilé-ìwé wọn.

Ní ọjọ́ kan, òjò rọ̀. Ọkọ̀ yọ̀, ó sì lọ forí sọ igi lẹ́bàá ọ̀nà. Ọlọ́run yọ wọ́n, kò sí ẹni tí ó kú. Ṣùgbọ́n iwájú ọkọ̀ bàjẹ́ púpọ̀. Fẹ́ńdà tẹ̀, iná iwájú fọ́, rédíétọ̀ ń jò. Ọkùnrin yìí kò jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú. Ó wọ́ ọkọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ó yá owó, ó tún ọkọ̀ ṣe, ó sì kùn ún ní ọ̀dà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó tó rántí pé òun ti san owó ìnṣọ́ránsì kíkún. Ó múra, ó lọ sí ọ́fíìsì wọn.

Wọ́n bi í pé, "Bàbá, ọkọ̀ tí ó bàjẹ́ náà dà?"

Ó ní, "Mo ti tún un ṣe."

"Ìwé ọlọ́pàá ńkọ́, sà?"

"N kò dé àgọ́ wọn."

"Rìsíìtì mẹkáníìkì ńkọ́?"

"Kò fún mi ní rìsíìtì."

"Àwọn irin tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n ti tà wọ́n fún àwọn tí ń ra irin."

Báyìí ni ó padà sílé lọ́wọ́ òfo, gbèsè sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọkùnrin yìí kò purọ́. Òtítọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n kò ní ohun tí yóò fi ti òtítọ́ náà lẹ́yìn. Kí irú èyí má baà ṣẹlẹ̀ sí yín ni a ṣe kọ ọ̀rọ̀ yìí.

KÍ NI ÌNṢỌ́RÁNSÌ?

Àwọn kan ń pè é ní adójútòfò. Orúkọ náà bá a mu, nítorí òfò ni ó ń dojú kọ.

Gbogbo wa ni a mọ àjọ. Bí ẹ bá dá àjọ, owó yín yóò padà bọ̀ sí ọwọ́ yín nígbà tí ó bá yá. Ìnṣọ́ránsì kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń dá owó sí ojú kan lọ́dọọdún. Ẹni tí jàǹbá bá ṣe nínú wọn ni a ń fi owó náà ràn lọ́wọ́. Bí ọdún bá yípo tí ohunkóhun kò ṣe ọkọ̀ yín, owó náà kò ní padà. Ẹ má ṣe kà á sí àdánù. Ààbò ọdún kan ni ẹ fi rà.

Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀. Ẹ wo ìwé yín dáadáa kí ẹ mọ èyí tí ẹ ní.

Èkíní ni ti ẹni kẹta. *Third party* ni a ń kọ sí ara ìwé náà. Ẹ̀yin ni ẹni kìíní, ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ni ẹni kejì. Ẹlòmíràn tí ọkọ̀ yín bá ṣe ní jàǹbá ni ẹni kẹta. Òun ni ìwé yìí wà fún, kì í ṣe ẹ̀yin. Bí ọkọ̀ yín bá ṣe ènìyàn léṣe, tàbí tí ó wó ògiri ilé onílé, ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì yóò bá yín san ohun tí ó yẹ fún ẹni náà. Ṣùgbọ́n wọn kò ní tún ọkọ̀ tiyín ṣe. Òfin Nàìjíríà sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ọkọ̀ tí ń rìn ní títì ní irú ìwé yìí. Ní oṣù kejì ọdún 2025, àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò lójú ọ̀nà jákèjádò orílẹ̀-èdè.

Èkejì ni ìnṣọ́ránsì kíkún. *Comprehensive* ni a ń kọ sí ara tirẹ̀. Èyí ń ṣe iṣẹ́ ti èkíní, ó sì tún ń dá owó àtúnṣe ọkọ̀ tiyín padà. Bí olè bá jí ọkọ̀ náà gbé, tàbí tí iná jó o, ìwé yìí lè gbà yín.

Àjọ ìjọba tí ń mójú tó ìnṣọ́ránsì ní Nàìjíríà ni NAICOM. Láti oṣù kìíní ọdún 2023 ni iye owó tuntun tí wọ́n sọ ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé ti ẹni kẹta fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti ara ẹni kúrò ní 5,000 náírà, ó di 15,000 náírà lọ́dún. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ba dúkìá ẹlòmíràn jẹ́, ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì lè san tó 3,000,000 náírà. Ti ọkọ̀ ńlá akẹ́rù di 100,000 náírà, òpin tirẹ̀ sì jẹ́ 5,000,000 náírà. Wọ́n tún ní kí owó ìnṣọ́ránsì kíkún má ṣe dín sí 5 nínú 100 iye tí ọkọ̀ tó. Bí ọkọ̀ yín bá tó 4,000,000 náírà, 200,000 náírà nìyẹn lọ́dún.

Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú ìwé. Ó pọ̀ lójú títì. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ní àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní NIID. Ẹ ní kí ọmọ tàbí ọ̀rẹ́ yín fi nọ́ńbà ọkọ̀ yín wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí nọ́ńbà yín kò bá sí níbẹ̀, ẹ tètè padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ta ìwé náà fún yín.

NÍ OJÚ IBI TÍ JÀǸBÁ TI ṢẸLẸ̀

1. Ẹ̀mí ni àkọ́kọ́. Ẹ yọ ènìyàn kúrò nínú ọkọ̀. Ẹ pe àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ní nọ́ńbà 122. A kì í san owó kí ó tó lọ.

2. Ẹ mú bírò àti ìwé. Ẹ kọ ọjọ́, aago, àti orúkọ ibẹ̀ sílẹ̀. Bí ọkọ̀ mìíràn bá wà nínú rẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀, orúkọ awakọ̀ rẹ̀, àti orúkọ ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé bí ó bá jẹ́ pé ọkọ̀ kejì ni ó jẹ̀bi, ìwé ẹni kẹta tirẹ̀ ni ó yẹ kí ó tún ọkọ̀ yín ṣe. Bí ẹ kò bá kọ nọ́ńbà rẹ̀, ọ̀dọ̀ ta ni ẹ ó lọ?

3. Ẹ fi fóònù ya àwòrán ọkọ̀ níwájú, lẹ́yìn, àti ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

4. Ẹ má ṣe jà. Ẹ má sì ṣe ṣe ìlérí owó fún ẹnikẹ́ni lójú títì. Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì lè sọ pé àwọn kò lọ́wọ́ nínú ìlérí tí ẹ ṣe láìbi wọ́n.

5. Ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tí ó wà nítòsí ibẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì béèrè ìwé.

Ní ọjọ́ kan náà, tàbí ní ọjọ́ kejì, ẹ fi tó ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì létí. Wọn yóò fún yín ní fọ́ọ̀mù. Ẹ kọ ohun tí ojú yín rí sí i, kì í ṣe ohun tí ẹ rò. Wọ́n lè béèrè ìwé ọkọ̀, láísẹ́ǹsì awakọ̀, ìwé ọlọ́pàá, àwòrán, àti ìwé iye owó tí àtúnṣe yóò gbà. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ sílé.

Ẹ JẸ́ KÍ WỌ́N KỌ́KỌ́ RÍ I

Ibí yìí ni ọkùnrin onímọ́tò wa ti ṣìnà. Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ní láti rán ẹni tí yóò wá yẹ ọkọ̀ náà wò. Kí ó tó wá, ẹ má ṣe tún ohunkóhun ṣe. Ẹ lè wọ́ ọkọ̀ kúrò lójú títì. Bí gíláàsì bá fọ́, ẹ lè fi tapólì bò ó kí òjò má baà wọ inú rẹ̀. Ó tilẹ̀ yẹ kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, kí ìbàjẹ́ má baà pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ gba rìsíìtì owó tí ẹ fi wọ́ ọ.

A mọ̀ pé ó nira. Ọjọ́ tí ọkọ̀ kò bá ṣiṣẹ́, owó kò wọlé, ọmọ sì fẹ́ jẹun. Síbẹ̀, ọjọ́ díẹ̀ tí ẹ fi dúró lè gbà yín lọ́wọ́ gbèsè ọdún kan. Ẹ máa tẹ̀ wọ́n láago títí wọn yóò fi wá.

NÍ ỌGBÀ MẸKÁNÍÌKÌ

Ẹ má ṣe gbé ọkọ̀ fún ẹni àkọ́kọ́ tí ó bá dá yín lóhùn. Ẹ gba ìwé iye owó ní ọ̀dọ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Ìwé tí ó kàn sọ pé "àtúnṣe mọ́tò, 600,000 náírà" kò tó. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ lẹ́yọ lẹ́yọ: iye fẹ́ńdà, iye iná, iye rédíétọ̀, iye ọ̀dà, àti iye owó iṣẹ́ ọwọ́. Kí wọ́n kọ bóyá tuntun ni wọn yóò rà, tàbí tòkúnbọ̀. Kí wọ́n sì kọ iye ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò gbà.

Nígbà mìíràn, mẹkáníìkì lè sọ pé, "Alàgbà, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ kún un, kí èmi àti ẹ̀yin jọ pín in." Ẹ má ṣe gbà. Olè jíjà ni. Bí àṣírí bá tú, ẹ lè pàdánù èyí tí ó tọ́ sí yín pẹ̀lú.

Nígbà tí wọ́n bá tú iwájú ọkọ̀, wọ́n lè rí ìbàjẹ́ mìíràn tí kò hàn tẹ́lẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ẹ ya àwòrán rẹ̀, kí ẹ sì pe ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kí wọ́n wá wò ó. Bí ẹ bá ṣe é láìsọ fún wọn, ó ṣeé ṣe kí owó rẹ̀ wá láti àpò yín.

Ẹ kó àwọn irin tí wọ́n yọ pamọ́ títí ọ̀rọ̀ yóò fi parí. Ẹ má ṣe san gbogbo owó tán kí iṣẹ́ tó parí. Ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gba ọkọ̀, ẹ lọ ní ojú-ọ̀sán. Ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, ẹ tì í. Ẹ tan gbogbo iná. Ẹ wo bóyá ọ̀dà náà dọ́gba. Ẹ wà á lọ, ẹ wà á bọ̀, kí ẹ mọ̀ bóyá ó ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lẹ́yìn èyí, ẹ gba rìsíìtì.

NÍGBÀ TÍ OWÓ BÁ DÉ

Iye tí wọn yóò san lè dín sí iye tí ó wà nínú ìwé mẹkáníìkì. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìnṣọ́ránsì kíkún, iye kan wà tí onímọ́tò yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ san. Bí àtúnṣe bá jẹ́ 600,000 náírà, tí ìpín tiyín sì jẹ́ 50,000 náírà, 550,000 náírà ni wọn yóò san. Ẹ béèrè ìpín yìí ní ọjọ́ tí ẹ ń ra ìwé, kí ó má baà bá yín lójijì.

Kí wọ́n tó san owó, wọn yóò gbé ìwé kan wá kí ẹ fọwọ́ sí. Ìwé náà ń sọ pé ẹ gba iye tí wọ́n dá, àti pé ọ̀rọ̀ ti parí. Nígbà kan rí, ẹ̀yin ì bá ti tẹ ìka bọ tàdáwà, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ láìmọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Nísinsìnyí ẹ ti mọ̀wé. Ẹ kà á. Bí ó bá jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ wá ẹni tí ẹ fọkàn tán kí ó túmọ̀ rẹ̀. Bí iye owó kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ béèrè ìdí kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Bí wọ́n bá ń fi òní dónìí, fọ̀la dọ́la, ẹ kọ lẹ́tà. Ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀ dání, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ ọjọ́ sí i lójú yín. Bí wọn kò bá tún dáhùn, ẹ kọ̀wé sí NAICOM. Wọ́n ní ẹ̀ka tí ń gba ẹ̀sùn àwọn ènìyàn.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ìwé ni onímọ́tò fi ń ṣọ́ owó rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ó dé tí ọkùnrin onímọ́tò náà kò fi rí owó gbà?
2. Ọ̀nà wo ni ìnṣọ́ránsì fi yàtọ̀ sí àjọ?
3. Bí ọkọ̀ ẹlòmíràn bá gbá tiyín, tí ó sì jẹ̀bi, kí ni ẹ ó kọ sílẹ̀ lójú ibẹ̀?
4. Ẹ mú ìwé ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ yín, tàbí ti ọ̀rẹ́ yín kan. Ẹ wá ọjọ́ tí yóò parí. Oríṣi wo ni?